Ìdáhùn Lẹ́yìn Ìgbọ̀nwọ́

Èyí kì í ṣe àlọ́. Àlọ́ a máa lórin, a sì máa ní elégbè, ẹni tó ń pa á àti ẹni tó ń gbọ́ ọ sì jọ mọ̀ pé eré ni. Ohun tó wà níhìn-ín ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré méjì tó ka ìrìn ọjọ́ náà ṣì wà nínú dúróà tábìlì iṣẹ́ Sípánà. Wákàtí wà nínú wọn, ìṣẹ́jú wà nínú wọn, ẹni tó bá mọ nọ́ńbà kà lè kà á fúnra rẹ̀. Elégbè kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Òun gan-an ni wàhálà ibẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Sípánà wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi àkísà nu ṣéènì. Sípánà kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀, irùngbọ̀n náà sì ti ń funfun. Òórùn gíríìsì àti rọ́bà kì í kúrò lára rẹ̀, bó ti wù kó fọ ọwọ́ tó.

Àbúrò rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà. Tíṣà ni tẹrú-tọmọ ń pè é, torí ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, òkè àti odò. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tèmi ń kọ́?"

"Òun nìyẹn. Mo ti pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀ ti jẹ tán pátápátá. Ṣé o máa ń jẹ ẹ́ ni?"

"Òkè ló ń jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi kàn jókòó lé e ni."

"Wọ́n ní kí ojo wá àwáwí, o ti rí tìrẹ."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó tẹ bíréèkì náà wò, ó fẹ́ràn bó ṣe le lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé akoto lé orí. Ó ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú àpò, kò rí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nínú àpò kan náà. Sípánà ti gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ síta, ó ti fi ẹsẹ̀ kan lé e.

"Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ máa bọ̀ o," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ yé pè mí ní 'ẹ̀yin.' Ẹ fẹ́ kí n ti àárọ̀ gba èpè."

"Ẹni tó ń fún òkè ní máàkì, ṣé 'ìwọ' la ó máa pè é? Ẹ máa bọ̀, sà."

Àwàdà àtijọ́ ni. Ó tó ogún ọdún tí Sípánà ti ń dá a, láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kọ́kọ́ mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ bíi tíṣà. Tíṣà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́yìn lórí òkè, Sípánà á ké láti iwájú pé, "Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ máa bọ̀." Tíṣà á rẹ́rìn-ín, agbára tuntun á sì wọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tíṣà fúnra rẹ̀ kò dá irú àwàdà bẹ́ẹ̀ padà rí. Ọ̀wọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ bí eyín. Lọ́jọ́ tí wọ́n jà lórí ibi tí wọn ó sin bàbá wọn sí, tí inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ohun tó sọ ni, "Ẹ ò gbọ́n lórí èyí, ẹ̀gbọ́n." Ìyá wọn tó ń sunkún lọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi "ẹ" bu ẹni kù rí.

Ní òdìkejì títì, ìyàwó Tíṣà ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Aránṣọ ni. Ó yọ orí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, pẹ̀lú òwú lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú un wálé o."

"Ó ti dé náà nìyẹn," ni Sípánà wí. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn tó fi wí i.

*

Tíṣà ló máa ń wá ọ̀nà. Á jókòó ti máàpù di ọ̀sán, á máa tọ ipa ọ̀nà àwọn agégẹdú àtijọ́, ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, tí wọ́n kàn da òkúta wẹ́wẹ́ sí lásán, tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń gba àárín igi. Wọn á jọ lọ gùn ún wò. Tó bá dára, Tíṣà á fún un ní máàkì, á gbé e sórí ayélujára, àwọn àjèjì á sì wá láti ọ̀nà jíjìn wá gùn ún. Sípánà ló máa ń lọ níwájú, torí òun ló mọ ohun tí òkúta lè fi táyà ṣe.

Òfin kan wà. Ẹni iwájú kì í wo ẹ̀yìn. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹni tó bá yí orí padà ti bá ilẹ̀ lọ nìyẹn. Eegun èjìká Sípánà tó ti ṣẹ́ rí lè jẹ́rìí. Nítorí náà, ẹnu ni wọ́n ń lò. Ẹni iwájú á pe ohun tó bá rí. Òkúta. Kòtò. Ẹ̀ka igi. Ẹni ẹ̀yìn á dáhùn pé, "Mo rí i. Ẹ máa lọ." Bí ìdáhùn bá ti wá, ẹni iwájú mọ̀ pé àlàáfíà ni.

"Ẹnu ẹni ẹ̀yìn ni ojú ẹni iwájú," ni Tíṣà máa ń wí, bíi pé òwe àtayébáyé ni. Òun ló dá a fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà ọjọ́ yẹn gba orí òkè mẹ́ta. Tíṣà ti gùn ún lẹ́ẹ̀kan, òun nìkan, ó ti fún un ní mẹ́tàdínlógún nínú ogún, ó sì ti gbé e sórí ayélujára. Ó ní igi rẹ̀ ga, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù, kò sì sí ariwo. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ariwo rárá," ló sọ, ó sì dà bíi pé ó fẹ́ fi nǹkan kún un, àmọ́ kò fi kún un.

Wọ́n gun òkè kìíní pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀. Ìró táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ dà bí ẹni tó ń rún eegun lẹ́nu. Ẹyẹ ń ké. Lórí òkè náà wọ́n dúró, wọ́n mu omi, Tíṣà tọ́ka sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti ká bí apá tí èèyàn ṣẹ́ sí àyà.

"Ìgbọ̀nwọ́ ni mo pe kọ́nà yẹn. Ẹ rọra níbẹ̀. Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún."

"Èmi ni kí n rọra? Wo ẹni tó ń kọ́ ẹja ní omi wíwẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Òkúta."

"Mo rí i. Ẹ máa lọ."

"Kòtò, lápá òsì."

"Mo rí i. Ẹ máa lọ."

Sípánà yí Ìgbọ̀nwọ́. Igi pa ọ̀nà dé. Òtútù bọ́ lé e léjìká bí aṣọ tútù. Ó ṣe ìṣẹ́jú kan kó tó mọ ohun tó yí padà. Ẹyẹ kò ké mọ́.

"Òkúta," ló pè.

Kò sí ìdáhùn fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó dé.

"Mo rí i. Máa lọ."

Ohùn Tíṣà ni. Kò sí àní-àní nínú ìyẹn. Ohun tó gún Sípánà lára ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó dúró de "ẹ" náà nínú etí rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dúró de àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn nínú òkùnkùn. Kò dé.

Èémí ló gé e, ló rò. Ó tún pè.

"Ẹ̀ka igi."

"Mo rí i. Máa lọ."

Kì í ṣe ohùn ẹni tí èémí gé. Ohùn náà balẹ̀. Inú Sípánà ru. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àbúrò òun ti ń sọ̀rọ̀, òní ló rí i pé ẹgbẹ́ ni àwọn. Ọkàn rẹ̀ sọ pé kó dúró, kó yí padà, kó wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Ìgbéraga rẹ̀ sọ pé kó má dá a lóhùn. Ìgbéraga ló gbọ́ tirẹ̀. Ó dáa, ló rò. Ẹni tó bá ti di ẹgbẹ́ mi, kó lé mi bá. Ó sì fi ẹsẹ̀ sí i.

Ó gun òkè kejì bí ọmọ ogún ọdún. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gun ìkẹta. Inú ń bí i, àmọ́ òfin ni òfin. Ó ń pe ohun tó ń rí, a sì ń dá a lóhùn. Ó gbọ́ ìró táyà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, kò sún mọ́ ọn, kò sì jìnnà sí i. Lẹ́yìn náà, nígbà tí kò wúlò mọ́, ló wá rántí pé lórí òkè ńlá méjì, níbi tí òun fúnra òun ti ń mí bí ewìrì, ẹni tó ń dáhùn kò mí.

Afárá onípákó kan wà nísàlẹ̀ òkè kẹta. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Tíṣà, ta lò ń sọ fún pé máa lọ? Ìró táyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yí ẹ̀ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó sì dákẹ́.

Ó yí orí padà.

Ọ̀nà funfun náà gun òkè lọ láàárín igi. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

"Tíṣà."

Ewé kan já bọ́. Ó gbọ́ ọ nígbà tó kan ilẹ̀.

"Tíṣà, dákun."

Láti àárín igi, níbi tí kò jìnnà rárá, ohùn àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn jẹ́jẹ́.

"Mo rí i. Máa lọ."

*

Nínú ọ̀gbun Ìgbọ̀nwọ́ ló ti rí i. Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Akoto wà lórí rẹ̀. Bíréèkì tuntun náà dára, ó ń mú dáadáa. Sípánà tẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ kó tó rántí pé ohun tó yẹ kóun kọ́kọ́ ṣe kọ́ nìyẹn. Kò sí ojú ibi tí táyà ti fà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà lọ tààrà sí etí ọ̀gbun bí ẹni pé ọ̀nà ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ Tíṣà sọ pé kẹ̀kẹ́ náà dúró ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Ti Sípánà sọ pé ó dé afárá ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó fi gun òkè méjì padà, aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa. Dókítà sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ó tó wákàtí kan ó lé díẹ̀ kó tó dákẹ́. Bí ẹnì kan bá wà nítòsí ni."

Kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó parí rẹ̀.

Wọ́n sin ín. Àwọn èèyàn wá, wọ́n jókòó, wọ́n lọ. Wọ́n ní àgbàlagbà wo ló ń fi kẹ̀kẹ́ sáré bí ọmọdé, tó fi ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó? Wọn kò sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sì rèé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti kẹ̀kẹ́ lọ.

Ìyàwó Tíṣà bi í ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Inú yàrá ni, àga Tíṣà wà láàárín wọn, ẹnikẹ́ni kò jókòó lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò padà?"

"Ó ń dá mi lóhùn."

"Ta ló ń dá yín lóhùn?"

"Ọkọ rẹ."

Obìnrin náà dìde, ó wọ yàrá inú, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ìbá sàn kó pariwo.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń dún ní òdìkejì títì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì gbé ojú sókè. Sípánà náà ń lẹ páàṣì mọ́ táyà, ó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́, ó ń to ṣéènì. Àwọn méjèèjì ti ń gbọ́ ìró iṣẹ́ ara wọn fún ọdún mẹ́rìnlá. Nísinsìnyí ìró náà dà bí ìjà.

*

Oṣù mẹ́ta kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó Tíṣà sọdá títì. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ Tíṣà lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi tún un ṣe."

Sípánà nu ọwọ́ rẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ṣe, Ìyàwó?"

"Mo fẹ́ gùn ún. Ẹ ní ó ń dá yín lóhùn. Ẹ ó lọ níwájú, èmi ó wà lẹ́yìn, mo fẹ́ gbọ́ ọ."

"Ibẹ̀ kò dára."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ lẹ sọ, mo fẹ́ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ ni, mo fẹ́ mọ̀ kí n lè kórìíra yín dáadáa. Àárín-méjì yìí ti sú mi."

Sípánà jókòó lórí àpótí tó máa ń jókòó lé. Ó gbé sípánà kan, ó gbé e sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ," ló wí.

Ó sọ ọ́. Ó sọ bí ìdáhùn ṣe yí padà lẹ́yìn Ìgbọ̀nwọ́. Ó sọ bó ṣe dúró de "ẹ" tí kò rí i. Ó sọ ohun tó rò nínú ọkàn rẹ̀, àti bó ṣe fi ẹsẹ̀ sí i. Kò fi ohunkóhun pa mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dúró nígbà mẹ́ta kó tó lè parí rẹ̀.

Obìnrin náà ń fi èékánná họ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, níbi tí rọ́bà ti jẹ.

"Nítorí 'ẹ,'" ló wí níkẹyìn.

"Nítorí 'ẹ.'"

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun. Etí yín ti sọ fún yín."

"Etí mi sọ fún mi. Mo rò pé ìwọ̀sí ni."

Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dà bíi ti aránṣọ tó ń wọn aṣọ oníbàárà.

"Ní Àbámẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè, èmi ó ní, 'Mo rí i, ẹ máa lọ.' Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín títí di òní, n kò sọ 'ìwọ' fún yín rí, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ ohun mìíràn, ẹ má ronú. Ẹ padà."

*

Ọ̀nà náà rí bó ti rí. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun, igi gíga, afẹ́fẹ́ tútù. Àárọ̀ ni, oòrùn ràn kedere. Sípánà rántí pé òun rò ó pé kò sí ohun búburú kan tó lè ṣẹlẹ̀ nínú irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ó rántí pé irú ìmọ́lẹ̀ kan náà ló wà lọ́jọ́sí.

Wọ́n dúró lórí òkè kìíní. Wọn kò mu omi.

"Ó ṣe kedere?" ni obìnrin náà bi í.

"Ó ṣe kedere."

"Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Òkúta."

"Mo rí i. Ẹ máa lọ."

"Yanrìn."

"Mo rí i. Ẹ máa lọ."

Ó yí Ìgbọ̀nwọ́. Òtútù náà bọ́ lé e léjìká. Ẹyẹ dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn pa rédíò. Kò sí òkúta níwájú rẹ̀, kò sí kòtò, àmọ́ ó ní láti pe nǹkan.

"Òkúta."

Ìwọ̀n èémí kan.

"Mo rí i. Máa lọ."

Ohùn ìyàwó Tíṣà ni. Ohùn náà gan-an, títí kan bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn díẹ̀. Ìró táyà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sún mọ́ ọn, kò jìnnà sí i.

Ó tẹ bíréèkì méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ náà yọ̀, ó gbé e ṣánlẹ̀, awọ orúnkún rẹ̀ bó. Ó dìde. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sì sáré gun òkè padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Obìnrin náà wà ní etí ọ̀gbun. Táyà iwájú ti kọjá etí ilẹ̀, ó ń yí lójú òfuurufú, díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di bíréèkì mú tó bẹ́ẹ̀ tí oríkèé ìka rẹ̀ funfun. Ó ń wo ìsàlẹ̀.

"Má mira," ni Sípánà wí.

Ó rọra sún mọ́ ọn, ó di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú, ó fà á. Kẹ̀kẹ́ bá wọn wá. Àwọn méjèèjì jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí," ni obìnrin náà wí.

"N kò pè ọ́."

"Mo gbọ́ yín. Ẹ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, láàárín igi, bíi pé ọ̀nà gba ibẹ̀. Mo tilẹ̀ rí ọ̀nà náà. Ó funfun bí èyí. Mo ti fẹ́ yà sí i." Ó gbé itọ́ mì. "Ẹ ní, 'Ìyàwó, ẹ máa bọ̀.'"

Sípánà bojú wo ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà.

"Ìyẹn ló dá mi dúró. Mo ní, ẹ̀gbọ́n kì í sọ 'ẹ' fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí. Ó dà bíi pé ohun tó ń pè mí kò mọ ẹni tó jẹ́ àgbà nínú wa. Ó fi ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹnì kan pe ẹlòmíràn. Mo tẹ bíréèkì."

Sípánà rí i nígbà tí obìnrin náà rántí. Ó rí i lójú rẹ̀, bí òjìji ṣe ń kọjá lórí pápá. Òun náà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú òwú lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń gbọ́ "Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ máa bọ̀" yẹn.

"Tíṣà kò ní dúró," ló wí, jẹ́jẹ́.

Sípánà gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Kò ní dúró, ẹ̀gbọ́n. Tó bá gbọ́ 'ẹ máa bọ̀' lóhùn yín, á rẹ́rìn-ín, á sì máa bọ̀."

Ẹkún tí Sípánà kò sun níbi ìsìnkú, ibẹ̀ ló ti sun ún. Obìnrin náà kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó kàn jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó fi nu ẹ̀jẹ̀ orúnkún Sípánà.

Wọ́n lọ gbé kẹ̀kẹ́ Sípánà. Wọ́n padà sókè ní fífi ẹsẹ̀ rìn, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò sí ẹni iwájú, kò sí ẹni ẹ̀yìn. Ọwọ́ obìnrin náà wà lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ Sípánà, ọwọ́ Sípánà wà lórí tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò ní Ìgbọ̀nwọ́, ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Kò pariwo. Ohùn Tíṣà ni, bí ìgbà tí àárẹ̀ mú un, tí ẹ̀rín sì ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ máa lọ."

Wọn kò wo ẹ̀yìn. Wọ́n ń lọ.

*

Títí di òní, wọn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Obìnrin náà ní ọkọ òun ni. Ó ní ta ló tún kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n, pé ó lé wọn kúrò níbẹ̀ kí ó má baà sí ẹlòmíràn. Sípánà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ "ẹ" tó wà fún àgbà náà ló wà fún èèyàn méjì, méjì sì ni wọ́n lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń dá a lóró ni pé ó lè jẹ́ pé nǹkan ọ̀hún ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ọ̀nà náà ṣì wà lórí ayélujára. Tíṣà nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ kúrò. Sípánà kan pákó kan mọ́ igi ní ìsàlẹ̀ òkè kìíní. Ó kọ ọ́ sí i pé kí ẹni iwájú máa wo ẹ̀yìn. Àwọn tó ń kọjá ti ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá fún táyà ní afẹ́fẹ́, ó sì máa ń kà wọ́n kó tó dá wọn lóhùn.

Kẹ̀kẹ́ Tíṣà wà lórí ìkọ́ lára ògiri. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún ní òdìkejì títì. Nígbà mìíràn, tí Sípánà bá fẹ́ ọ̀rọ̀ sọ, á pè láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Ìyàwó." Obìnrin náà kì í dáhùn. Á dá ẹ̀rọ dúró, á dìde, á wá sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ kí Sípánà lè rí òun.